Ẹlẹ́dẹ̀ Yíyan Nílé: Bí A Ṣe Ń Fi Èéfín Yan Apá Rẹ̀ Tí A Ti Yọ Eegun Kúrò

Ní Makurdi tí àwa ń gbé, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n. Àwọn Tiv tí wọ́n gbà wá lálejò ń sìn ín, wọ́n sì ń jẹ ẹ́ dáadáa. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ará wa ní Gboko àti Jos ń rí i rà. Tí ọdún bá ti ń sún mọ́lé, àwọn èèyàn á máa bi wá bí wọ́n ṣe lè yan án nílé kó dùn, kó má sì kó wọn sí wàhálà. Ìdáhùn wa rèé.

Ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ fi sọ́kàn kí ẹ tó dáná: èéfín kì í se ẹran, iná ló ń se é. Èéfín á mú kí ara ẹran pọ́n, á jẹ́ kó máa ta sánsán, síbẹ̀ inú rẹ̀ lè má tíì jinná. Ẹ má sì fi í wé ẹja gbígbẹ. Ẹja yẹn ń pẹ́ nítorí pé omi ara rẹ̀ ti gbẹ tán. Omi àti ọ̀rá ṣì wà nínú apá ẹlẹ́dẹ̀.

Àwa náà kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lọ́dún kan, a yan kílò mẹ́ta, a dì í sínú náílọ́ọ̀nù nígbà tó ṣì ń gbóná, a fi rán sí ẹbí wa ní Àkúrẹ́. Mọ́tò bàjẹ́ lọ́nà, ó di ọjọ́ kejì kó tó débẹ̀. Òkè ẹran dára lójú, àmọ́ inú rẹ̀ ti ń yọ̀, ó sì ti ń rùn. Ọmọ kan ti fẹ́ bù ú jẹ kí ìyá wa tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Owó lọ, ojú sì tì wá.

Ẹran wo la ó rà?

Apá iwájú ni ẹ béèrè, láti èjìká wálẹ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ ń fi ibẹ̀ ṣiṣẹ́, ìdí nìyẹn tí iṣan fi pọ̀ níbẹ̀, ọ̀rá sì wà láàárín rẹ̀. Tí ẹ bá kánjú sè é, á le bí awọ. Tí ẹ bá fi sùúrù sè é, á rọ̀. Ẹ ní kí alápatà yọ eegun kúrò. Kílò méjì tó ìdílé tí kò tóbi jù, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé á sún kì: tó bá jinná tán, bóyá ló máa fi ju kílò kan àti díẹ̀ lọ.

Ẹran tó dára máa ń pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀rá rẹ̀ á funfun, kò ní yọ̀ lọ́wọ́, kò sì ní rùn. Tí ẹ bá rí nǹkan funfun kéékèèké bí hóró ìrẹsì nínú ẹran, ẹ má rà á o! Ọmọ aràn ni. Ibi tí àwọn dókítà ẹran ti ń yẹ ẹran wò ni kí ẹ ti rà. Tí owó rẹ̀ bá sì ṣàdédé já wálẹ̀, ẹ béèrè ìdí. Ibà ẹlẹ́dẹ̀ kì í mú èèyàn, àmọ́ nígbà tó bá ń jà, àwọn kan máa ń sáré pa ẹran tó ń ṣàìsàn tà.

Iyọ̀ àti dídì

Tí alápatà bá ti yọ eegun, ọ̀bẹ àti ọwọ́ rẹ̀ ti wọ inú ẹran. Ìdọ̀tí tí ì bá wà lára nìkan ti dénú nìyẹn. Ìdí rèé tí irú ẹran báyìí fi gbọ́dọ̀ jinná dé àárín gan-an.

Fún kílò méjì: iyọ̀ ṣíbí ìjẹun méjì tí kò ga lórí, ata gígún, aáyù àti ata ilẹ̀ tí a lọ̀, kànáfùrù díẹ̀. Ẹ fi pa á nínú lóde. Ẹ ká a bí ẹni ká ẹní, kí ẹ fi òwú funfun dì í níbi mẹ́rin tàbí márùn-ún. Kì í ṣe okùn rọ́bà o, á yọ́. Tí iná bá wà, ẹ jẹ́ kó sun inú fíríìjì mọ́jú. Tí kò bá sí, ẹ gbé e sínú kúlà pẹ̀lú yìnyín, tàbí kí ẹ sè é lọ́jọ́ náà.

Sísè àti yíyan

1. Ẹ gbé ẹran sínú ìkòkò, ẹ bu omi dé ìdajì ara rẹ̀, ẹ gé àlùbọ́sà sí i. Ẹ dé e, ẹ sè é lórí iná wẹ́rẹ́ fún wákàtí kan àtààbọ̀. Ẹ yí i padà láàárín.

2. Ẹ kó èédú tó ti pọ́n sí apá kan àgbá. Apá kejì ni kí ẹran wà, lórí wáyà tí a fi ń yan ẹja, kí iná má wà lábẹ́ rẹ̀ tààrà. Ẹ gbé abọ́ omi sábẹ́ rẹ̀ kí ọ̀rá máa kán sí.

3. Ẹ fi igi máńgòrò, gúáfà tàbí ọsàn tó gbẹ lé èédú, díẹ̀díẹ̀. Ẹ dé e fún wákàtí méjì. Èéfín fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ la fẹ́. Tó bá funfun tó sì ki, ẹran á korò.

4. Ẹ ki ọ̀bẹ bọ ibi tó ki jù. Ó gbọ́dọ̀ wọlé láìjà, omi tó bá jáde gbọ́dọ̀ mọ́, láìsí ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá ní ohun tí a fi ń wọn ooru: ẹran ẹlẹ́dẹ̀ odindi ti jinná ní 63 Celsius tó bá sinmi ìṣẹ́jú mẹ́ta, àmọ́ apá kì í rọ̀ títí á fi tó nǹkan bíi 90.

Ẹ má fi pákó tí a kùn lọ́dà, pákó tí a fi oògùn ikán sí, náílọ́ọ̀nù tàbí kẹrosíìnì dáná yìí. Àgbá tó ti gba kẹ́míkà rí kò dára.

Ìta gbangba ni kí ẹ ti yan án. Èéfín èédú nínú yàrá tí a tì ń pa èèyàn láìjẹ́ kó mọ̀, ẹ má sì gbé èédú wọlé sùn nítorí ọyẹ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ gbé garawa yanrìn sítòsí, torí atẹ́gùn ibí kò mọ eré.

Pípa á mọ́

Ẹ jẹ́ kó sinmi fún ìṣẹ́jú ogún kí ẹ tó gé e. Èyí tó bá ṣẹ́kù kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí méjì lọ níta. Ọjọ́ mẹ́ta ló lè lò nínú fíríìjì. Tí iná kì í bá dúró ládùúgbò yín, ìwọ̀nba tí ẹ lè jẹ tán ni kí ẹ yan. Tí ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́ sílé, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ di gbagidi nínú fírísà, kó sì wà nínú kúlà pẹ̀lú yìnyín. Tí kò bá ṣeé ṣe, ẹ fi owó ránṣẹ́.

Àwọn tí kì í jẹ ẹ́

Ẹgbẹ́ wa kún fún Mùsùlùmí, àwọn mìíràn sì wà tí kì í jẹ ẹ́. Ẹ ní ọ̀bẹ, ìkòkò àti wáyà tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ má fi omi tí a fi sè é se ìrẹsì gbogbo èèyàn. Tí ẹ bá gbé e wá síbi ayẹyẹ, ẹ wí i jáde kí ẹnikẹ́ni tó bu oúnjẹ. Ojúlé kan náà la jọ ń gbé níbí, àwa náà sì ni ẹbí ara wa tí wàhálà bá dé. Ẹran kò tó ohun tí a ó fi ba ìyẹn jẹ́.