Láti Àpápá dé Bárúwà: Ìtàn Gbígba Orin Yorùbá Sílẹ̀ àti Ohun tí Kọ̀ǹpútà Kò Lè Kọ́ni

Òwe bí òwe ni à ń lu ìlù àgídìgbo. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Àwọn àgbà tí ó pa òwe yìí kò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọ̀dọ́mọkùnrin yóò jókòó sínú yàrá ní Bárúwà, lọ́nà Ìpájà, tí yóò sì máa fi ìka kan pe ìlù jáde láti inú kọ̀ǹpútà, láìsí awọ, láìsí ọ̀pá ìlù, láìsí ọmọ Àyàn kan nítòsí. Bárúwà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àdúgbò Alímọ̀ṣọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Kì í ṣe irú ibi tí àwọn ilé-iṣẹ́ àwo orin ńlá máa ń tẹ̀dó sí láyé àtijọ́. Bí iṣẹ́ gbígba orin sílẹ̀ ṣe rìn títí tí ó fi dé irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ jẹ́ ìtàn tí ó yẹ kí á mọ̀, nítorí pé ohun púpọ̀ ni ó rí gbà lójú ọ̀nà, ohun kan sì wà tí ó lè bọ́ sọnù.

Ọ̀nà jíjìn ni ìrìn náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1922, Lọ́ńdọ̀nù ni ohùn Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta ti wọ inú àwo; ibẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ Zonophone ti gba orin rẹ̀ tí ó lé ní 40 sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí, àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í wá olórin wá sí Èkó. Ní ọdún 1936, Parlophone gba orin jùjú Túndé King. Nígbà tí ó ṣe, EMI ní ilé ìgbohùnsílẹ̀ tirẹ̀ ní Àpápá, lẹ́bàá èbúté ọkọ̀ ojú omi. Ibẹ̀ ni Fẹlá ti gba púpọ̀ nínú orin rẹ̀ sílẹ̀. Ní ọdún 1973 tí Paul McCartney wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ṣe àwo Band on the Run níbẹ̀, ohùn 8 péré ni ẹ̀rọ ibẹ̀ lè gbà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Olórin tí kò bá ní ilé-iṣẹ́ kan lẹ́yìn kò lè fi ẹsẹ̀ kan irú ilé bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá sì wọlé, gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò kó lọ: onílù, onígìtá, elégbè. Kí wọ́n tó dé ibẹ̀, wọ́n ti jùmọ̀ lù, wọ́n ti jùmọ̀ ṣìṣe, wọ́n sì ti gba ìbáwí lẹ́nu ọ̀gá.

Àyípadà bẹ̀rẹ̀ láàárín ọdún 1983 sí 1986. Ní 1983, àwọn tí ń ṣe ohun èlò orin ní Amẹ́ríkà àti Japan fi ẹnu kò lórí ètò tí wọ́n pè ní MIDI, èyí tí ó mú kí kíìbọọ̀dù, ẹ̀rọ ìlù àti kọ̀ǹpútà lè máa gbọ́ èdè ara wọn. Ní 1984, ẹ̀rọ ìlù ti ń bá àwọn onílù King Sunny Adé rìn nínú àwo Aura. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ìjọba ológun gbé ètò àtúntò ọrọ̀ ajé kalẹ̀. Náírà já wálẹ̀, ohun èlò orin di ọ̀wọ́n, àwọn ilé-iṣẹ́ òkèèrè sì bẹ̀rẹ̀ sí í kógbá sílé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ilẹ̀kùn Àpápá ti ń tì, fèrèsé mìíràn ṣí láti ibi tí ẹnikẹ́ni kò retí. Ní ìparí ọdún 1997, ilé-iṣẹ́ Image-Line ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù gbé ètò kọ̀ǹpútà kékeré kan jáde tí ó pè ní FruityLoops. Ní 2003 ni wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí FL Studio.

Ètò yìí bá Èkó lára mu. Kọ̀ǹpútà àlòkù láti Ọ̀tígbà ní Ìkẹjà tó láti gbé e. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ sì ni ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀dà tí wọn kò sanwó rẹ̀. Ìgbà yìí náà ni àwọn àgbà iṣẹ́ tuntun yọ. OJB Jezreel, tí ó ní sítúdíò ní Sùúrùlérè, ṣe African Queen fún 2Face ní 2004. ID Cabasa ṣe Gongo Aṣọ fún 9ice ní 2008, orin tí ó fi hàn pé òwe àti àṣàyàn ọ̀rọ̀ Yorùbá lè jókòó dáradára sórí ìlù tí a fi kọ̀ǹpútà tò. Ọ̀dọ̀ irú àwọn ọ̀gá bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ iṣẹ́ ti ń kọ́ ọ. Wọ́n ń wo ọwọ́ ọ̀gá, wọ́n ń bá a tan jẹnẹrétọ̀, wọ́n sì ń dúró de ọjọ́ tí yóò ní kí àwọn náà fọwọ́ kàn án.

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣí ètò náà, apótí kéékèèké 16 ni yóò rí lórí ìlà kan, tí wọ́n pín sí mẹ́rin-mẹ́rin. Bí ó bá tan ọ̀kan, ìlù yóò dún níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ yìí rọrùn, ọmọ ọdún 10 lè mọ̀ ọ́n ní ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n agogo kónkóló, tí ó wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ ìlù Yorùbá, ọ̀nà 12 ni ó pín ìgbà sí. Anthony King kọ̀wé lórí irú ìlù yìí ní ọdún 1960. Bí a bá fi agbára ti 12 sínú 16, ìlù mìíràn ni yóò jáde. Ètò náà gbà kí á yí iye apótí padà, ṣùgbọ́n kì yóò sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé kí ó yí i. Etí akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò sọ fún un, bí etí náà bá ti gbọ́ agogo rí.

Ọ̀rọ̀ ohùn tún le ju ti ìlù lọ. Ní ọ̀rúndún 19, àwọn ìjọ Kristẹni túmọ̀ orin Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá, wọ́n sì ń fi ohùn Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́. Bí orin bá gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀kalẹ̀, ọkọ̀ lè di ọkọ́ létí olùgbọ́. Ìdí nìyí tí àwọn bíi Ransome-Kuti fi kọ orin tí ohùn rẹ̀ ti inú ọ̀rọ̀ jáde. Ẹkúndayọ̀ Phillips, tí ó ń tẹ dùùrù ní Kàtídírà Kristi ní Èkó láti 1914 dé 1962, sì gbé ìwé Yoruba Music jáde ní 1953 lórí bí ọ̀rọ̀ àti orin ṣe ń di ọ̀kan. A rò pé ọ̀rọ̀ náà ti parí. Kọ̀ǹpútà tún ti jí i dìde. Nínú yàrá òde òní, a máa ń to bíìtì pátápátá kí olórin tó dé; ohùn ti wà nílẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó wá bá a, gẹ́gẹ́ bí ti ìwé orin àtijọ́. Ètò atúnhùnṣe Auto-Tune, tí ó jáde ní 1997, sì lè fa ohùn sójú àmì tí a yàn fún un tó bẹ́ẹ̀ tí yíyọ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè, tí ó jẹ́ ara ọ̀rọ̀ wa, yóò di àtẹ̀gùn.

Èyí tí ó léwu jù ni ti ìlù dùndún. Àkójọ ohùn ìlù wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń rà tàbí gbà lọ́fẹ̀ẹ́, tí a gé sí kéékèèké. Ìyáàlù kì í dún lásán. Ọ̀rọ̀ ni ó ń sọ. Ohun tí a gé yẹn lè jẹ́ ìlàjì oríkì, ó lè jẹ́ òwe tí a pa bá ẹlòmíràn wí. Ẹni tí ó bá fi í sínú orin ìgbéyàwó nítorí pé ó dùn lè máa fi èébú kí ìyàwó káàbọ̀, òun kò sì ní mọ̀. Ní ilé Àyàn, a kì í fi irú ìlù bẹ́ẹ̀ lé ọmọdé lọ́wọ́ kí ó tó mọ ohun tí ó ń wí.

Kò sí ẹni tí ó lè ní kí ilẹ̀kùn tí ó ṣí yìí padà tì. Ọmọ tí kì bá tí rí ẹnu ọ̀nà Àpápá ń gba orin sílẹ̀ lónìí, àní lẹ́yìn tí owó epo lọ sókè ní 2023, tí ó fi ní láti pa jẹnẹrétọ̀ kí ó sì fi iná bátìrì gba ohùn olórin, nítorí pé gbohùngbohùn kò mọ ohùn ènìyàn yàtọ̀ sí ti ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n Àpápá kọ́ olórin kí ó tó jẹ́ kí ó wọlé, nípa ẹgbẹ́ tí ó kó dání. Yàrá Bárúwà gbà á wọlé kí ó tó kọ́ ọ. Ibi tí ẹ̀kọ́ náà ti sọnù ni kí àwọn olùkọ́ wa wò. Ilé ìwé tí ó bá ní kọ̀ǹpútà kan lè pe onílù kan ti ìtòsí, kí ó jókòó ti akẹ́kọ̀ọ́, kí wọ́n gba ìlù rẹ̀ sílẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ sì kọ ohun tí ìlù kọ̀ọ̀kan wí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ó tó gé e. Owó iṣẹ́ onílù náà kò pọ̀ jù, kò sì sí ètò kọ̀ǹpútà tí ó lè ṣe é fún wa.