Ta ni yóò jogún aláìbímọ? Ọ̀rọ̀ ìbátan àti òfin ní Ìfọ̀nyìn, 1889 sí 2004

Yorùbá ní ẹni ọmọ sin ló bímọ. Òwe yìí so ọmọ mọ́ ìsìnkú, ó sì fi ìbéèrè kan sílẹ̀: bí ẹni tí kò bímọ bá kú, ta ni yóò jogún rẹ̀? Àpilẹ̀kọ yìí wo ìdáhùn tí àṣà Yorùbá àti òfin tí a fi èdè Faransé kọ fún un ní Ìfọ̀nyìn, tí ìwé ìjọba ń pè ní Ifangni. Èrò wa ni pé bí a bá ṣi ọ̀rọ̀ ìbátan kan túmọ̀, ilé lè bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí olóògbé kò fẹ́.

Àṣà kò ka ọkọ tàbí aya mọ́ ajogún. Bí olóògbé kò bá lọ́mọ, àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ ní ẹ̀tọ́ sí ohun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó jọ. Ilẹ̀ ẹbí ń padà sọ́wọ́ ẹbí. Ọ̀rọ̀ méjì ló gbé ètò yìí dúró: ìyekan, ẹni tí a jọ jẹ́ ọmọ ìyá kan, àti ọbàkan, ẹni tí bàbá nìkan so mọ́ wa. Níbi tí ọmọ wà pàápàá, ìyá ni a ń kà. Nínú ẹjọ́ Dawodu àti Danmole láti Èkó, Privy Council ní London fọwọ́ sí ìdí-igi ní 1962: ogún ọkùnrin tó ní ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án di ìpín mẹ́rin, kò di mẹ́sàn-án.

Àdéhùn ààlà tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ 1889 pín àwọn ará Ìfọ̀nyìn sí méjì. Ní ìhà tiwa, ìjọba amúnisìn fi Coutumier du Dahomey ránṣẹ́ sí àwọn ilé-ẹjọ́ ní 1931. Ìwé náà ka obìnrin mọ́ ohun tí a ń jogún. Báwo ni ẹni tí a kà sí ẹrù yóò ṣe há ẹrù tirẹ̀?

Ní 1996, Cour constitutionnelle pinnu pé Coutumier náà kò ní agbára òfin. Òfin ẹbí tuntun jáde ní ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ 2004. Lónìí, aláìbímọ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé ìhágún, kí ó kọ ọjọ́ sí i, kí ó sì fọwọ́ sí i. Ẹni tí kò mọ̀wé kọ yóò lọ bá notaire.

Níbẹ̀ ni iṣẹ́ wa bẹ̀rẹ̀. Ká ní ìyálọ́jà kan ní Igolo sọ pé: «Kí ọmọ ìyá mi gba ilé mi», tí ògbufọ̀ sì kọ frère. Ọbàkan rẹ̀ náà lè gba ọ̀rọ̀ yẹn mọ́ ara rẹ̀. Èdè òfin Faransé ní germain, consanguin àti utérin. Ọbàkan bá consanguin mu, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá kó germain àti utérin pọ̀. Àwọn ènìyàn wa ti rí ìṣòro yìí tipẹ́; ìdí nìyẹn tí Faransé ìgboro fi ń sọ pé «même père, même mère». Bákan náà ni «ọmọ mi»: ó lè jẹ́ ọmọ àbúrò tàbí ọmọ àgbàtọ́, tí òfin kò kà sí ọmọ àfi bí ilé-ẹjọ́ bá fọwọ́ sí ìgbàtọ́ náà.

Nítorí náà, kí ògbufọ̀ máa béèrè orúkọ ìyá àti ti bàbá, kí ó sì kọ orúkọ ajogún gan-an sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìbátan nìkan kò tó ìwé ìhágún.