Ibi tí À Ń Pa Àwòrán Mọ́ sí

Stephen Sprague, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kọ àpilẹ̀kọ kan jáde ní 1978 lórí iṣẹ́ àwọn onífọ́tò ilẹ̀ Yorùbá, pàápàá ní Ìlá-Ọ̀ràngún. Ó ṣàlàyé níbẹ̀ pé fọ́tò ti ń rọ́pò ère ìbejì. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí a tó ya àwòrán rẹ̀, onífọ́tò a fi àwòrán èyí tí ó kù dípò tirẹ̀, a sì tẹ̀ wọ́n pọ̀ bí ẹni pé àwọn méjèèjì jọ jókòó. Igi ni à ń tọ́jú tẹ́lẹ̀. Bébà ni ó wá gba ipò rẹ̀. Èyí ni mo fi sọ pé yíyan ohun tí a ó kó àwòrán sí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ nìkan. Ọ̀rọ̀ ẹbí ni.

Ní 1976 ni ilé-iṣẹ́ JVC ti ilẹ̀ Japan gbé kásẹ́ẹ̀tì VHS jáde. Inú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ àti ìsìnkú àgbà ilẹ̀ wa wà. Bí ọ̀rinrin bá wọ téèpù rẹ̀, yóò bu. Síbẹ̀, ẹ̀rọ tí ń kà á náà a máa kú: ní 2016 ni ilé-iṣẹ́ Funai, tí ó ṣẹ́kù nídìí ṣíṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, dáwọ́ dúró. Kásẹ́ẹ̀tì lè wà láìlábùkù, kí ó sì yadi.

Àwọn tí ó tẹ̀ lé e kò sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Aró inú CD tí a fúnra wa kọ nǹkan sí a máa ṣá. Bí hard disk bá já lulẹ̀, ó lè má sọ̀rọ̀ mọ́. Ohun tí a kó sórí flash lè pòórá bí a bá gbé e jù sínú àpótí fún ọdún púpọ̀.

Èwo ni kí a wá yàn? Ẹ jẹ́ kí a wo Ifá. Kì í ṣe agbára igi tàbí òkúta ni ó pa ẹsẹ Ifá mọ́, bí kò ṣe pé ẹnu tí ó mọ̀ ọ́n pọ̀, tí àgbà sì ń kọ́ ọmọ kí ó tó re ibi àgbà ń rè. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Kí a kó àwòrán sí oríṣi nǹkan méjì, kí ẹ̀kẹta wà ní ilé mìíràn tàbí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí a máa yẹ̀ wọ́n wò lọ́dọọdún, kí a sì ṣí wọn nípò kí ẹ̀rọ tí ń kà wọ́n tó kásẹ̀ nílẹ̀.

Kí a sì tẹ díẹ̀ sórí bébà, kí a kọ orúkọ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Àwòrán tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ ẹni inú rẹ̀ mọ́, àlejò ni láàárín ẹbí tirẹ̀.