Orúkọ Tí Wọn Kò Kọ Sára Àwo Orin

Ní ọdún 1960, ilé-iṣẹ́ Columbia ní Amẹ́ríkà gbé àwo orin kan jáde, Drums of Passion. Babátúndé Ọlátúnjí ló ni iṣẹ́ náà. Ọdún 1927 ni wọ́n bí i ní Àjídò, nítòsí Àgbádárìgì, ó sì lọ kàwé ní Morehouse College ní ìlú Atlanta ní ọdún 1950. Ìlù àti orin Yorùbá ló kún inú àwo rẹ̀, ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà sì rà á.

Ní ọdún 1964, Serge Gainsbourg, gbajúmọ̀ olórin ilẹ̀ Faransé, gbé àwo tirẹ̀ jáde, Gainsbourg Percussions. Inú àwo Ọlátúnjí ni mẹ́ta nínú àwọn orin ibẹ̀ ti wá. "Kiyakiya" di "Joanna". "Jin-Go-Lo-Ba" di "Marabout". "Akiwowo", orin òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin, di "New York U.S.A.", orin nípa àwọn ilé gogoro. Síbẹ̀, kò sí orúkọ Ọlátúnjí lára àwo náà nígbà tó jáde.

Ẹnìkan lè bi mí pé, ṣé Ọlátúnjí ló dá ìlù Yorùbá sílẹ̀ ni? Rárá o. Bàtá àti dùndún ti wà kí wọ́n tó bí i. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ, tí Òyìnbó ń pè ní copyright, kò sọ ìlù ìran kan di ti ẹnì kan ṣoṣo. Iṣẹ́ ọpọlọ ẹni ló ń dáàbò bò: bí ó ṣe to orin rẹ̀ àti bí ó ṣe gbà á sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ní Nàìjíríà, òfin ọdún 2022 ní kí ẹ̀tọ́ olórin wà fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ọdún 2003 ni Ọlátúnjí kú.

Èmi kò sọ pé àyálò burú. John Coltrane, afọnfèrè Amẹ́ríkà, fẹ́ràn ìlù wa, ó sì pe orin rẹ̀ kan ní "Tunji" ní ọdún 1962. Ní oṣù kẹrin ọdún 1967, ó lọ ṣeré ní ilé àṣà tí Ọlátúnjí dá sílẹ̀ ní Harlem. Oṣù keje ọdún náà ló kú.

Lónìí, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń fi fóònù gé ohùn láti inú àwo àpàlà àti fújì àtijọ́, wọ́n ń fi ráàpù lé e. Inú mi ń dùn sí i, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti kọ́kọ́ gbọ́ àwọn àgbà olórin wọ̀nyẹn. Ṣùgbọ́n bí a bá bi wọ́n pé ta ló ni ohùn náà, ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀. Báwo la ṣe máa bínú sí àjèjì nígbà tí àwa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ nílé?

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ̀yin lẹ mọ àwọn olórin náà. Ẹ dárúkọ wọn fún wa. Àwa náà yóò kọ ọ́ sára orin wa.