Wáyà Dé Muṣin, Iná Kò Dé

Láti 2005 ni ìjọba ti pa orúkọ NEPA rẹ́, síbẹ̀ bí iná bá dé ní Ìdí-Òrò tàbí Ọlọ́ṣà, "Up NEPA!" náà ni àwọn ọmọ wa ń pariwo. Ariwo ayọ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí kì í jẹun déédéé ló ń hó yè nígbà tó bá rí oúnjẹ. Ẹ jẹ́ ká wo bí ọ̀rọ̀ ṣe dà báyìí, àti ìdí tí oòrùn tó ń ràn sórí páànù wa lójoojúmọ́ kò fi tíì di iná nínú ilé wa.

Ní 1896 ni àwọn òyìnbó amúnisìn kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ iná kalẹ̀ ní Èkó. Nígbà tó di 1950, wọ́n dá ECN sílẹ̀. Ní 1968, wọ́n sé odò Ọya ní Kainji tán. Ní 1972, ìjọba Gowon pa ECN pọ̀ mọ́ àjọ tó ni Kainji, ó di NEPA. Bí ìgbá iná gbogbo Nàìjíríà ṣe bọ́ sí ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo nìyẹn. Bó bá bù ú, a ó jẹ. Bí kò bá bù ú, a ó sun òkùnkùn.

Òfin ilẹ̀ wa ti 1999 wá dá kún un. Ó gba ìpínlẹ̀ láyè láti ṣe òfin lórí iná, ṣùgbọ́n kìkì níbi tí wáyà ìjọba àpapọ̀ kò bá dé. Ẹ gbọ́ ná! Ó ti pẹ́ tí wáyà ti dé Muṣin. Ìbáà ṣe ọ̀sẹ̀ méjì ni iná kò fi gba inú rẹ̀ kọjá, lójú òfin, iná ti dé Muṣin!

Ìjọba Èkó kò káwọ́ gbera. Nígbà ìjọba Fáṣọlá, ní nǹkan bí 2014, wọ́n pawọ́ pọ̀ pẹ̀lú ìjọba Bírítéènì láti to pánẹ́ẹ̀lì sólà sórí ilé ẹ̀kọ́ 172 àti ilé ìwòsàn 11. Dámilọ́lá Ògúnbíyì, obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ ọ̀gá àgbà àjọ iná Ìpínlẹ̀ Èkó, ló ṣíwájú ètò náà. Oòrùn ń ràn sí pánẹ́ẹ̀lì, iná ń wọ inú bátìrì, ínfátà sì ń yí i padà sí irú èyí tí fáànù àti fìríìjì ń lò. Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n bátìrì kì í ṣe aláìkú. Ẹni tó bá ra sólà láìfi owó bátìrì mìíràn pa mọ́, òkùnkùn ló ń dọ́jọ́ fún.

Ní oṣù Kẹta 2023, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí àtúnṣe tó yọ ìdènà inú òfin 1999 kúrò. Nígbà tí oṣù Karùn-ún ń parí lọ, Ààrẹ Tinúbú ní owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, jálá epo tí kò tó igba náírà ti tó nǹkan bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń pè ní "I better pass my neighbour" wá dákẹ́ ní ọ̀pọ̀ ojúlé. Ní oṣù Kejìlá 2024, Gómìnà Sanwó-Olú fọwọ́ sí òfin iná ti Èkó fúnra rẹ̀.

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ ní òrùlé tirẹ̀, ilé ìwòsàn náà ní tirẹ̀. Ní Muṣin, ta ló ni òrùlé? Lánlọ́ọ̀dù ni. Ayálégbé tó wà nínú yàrá kan pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta, ibo ni yóò to pánẹ́ẹ̀lì sí? Bí páànù bá bẹ̀rẹ̀ sí í jò lẹ́yìn tí wọ́n ti lu ú, ta ni yóò tún un ṣe? Bó bá sì kó jáde lọ́dún tó ń bọ̀ ńkọ́? Àwa tí a ti jà lórí owó iná NEPA, tí a ń ka gílóòbù àti fáànù ara wa, a mọ̀ pé ìbéèrè wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré.

Ohun tó yẹ kí ìjọba Èkó àti káńsù wa gbé yẹ̀wò nìyí: sólà kan fún odindi ilé, mítà fún yàrá kọ̀ọ̀kan, kí oníkálukú máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí àdéhùn láàárín lánlọ́ọ̀dù àti ayálégbé sì wà lákọsílẹ̀ níwájú káńsù.

Wáyà ti wà lójú pópó wa tipẹ́ ká tó mọ̀ pé wáyà kì í ṣe iná. Ní báyìí, òfin ti dé. Kí òfin náà má lọ dà bíi wáyà.