Ohun tí Ọjà Kọ̀ Sílẹ̀: Ìtàn Rírà àti Títà Fonógíráàfù Àtijọ́

Fonógíráàfù ni ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tí ó gba ohùn ènìyàn sílẹ̀ tí ó sì tún gbé e jáde fún etí láti gbọ́. Ìlànà iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣòro: ohùn á gba ẹnu ìwo wọlé, á mú awọ fẹ́lẹ́ kan gbọ̀n, abẹ́rẹ́ tí ó so mọ́ awọ náà á sì máa fa ìlà wẹ́wẹ́ sára nǹkan rírọ̀ tí ń yí lábẹ́ rẹ̀, nígbà tí a bá dá abẹ́rẹ́ padà síbi tí ìlà náà ti bẹ̀rẹ̀ tí a sì tún yí ẹ̀rọ, awọ á gbọ̀n gẹ́gẹ́ bí ó ti gbọ̀n níṣàájú, ohùn á sì jáde. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń fi orúkọ yìí pe gbogbo irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn Gẹ̀ẹ́sì yà wọ́n sọ́tọ̀: fonógíráàfù ni èyí tí ń lo sìlíńdà, ìyẹn òpó kékeré oníhò nínú tí ó rí roboto bí agolo, gírámáfóònù sì ni èyí tí ń lo àwo. Láàárín àwọn olùkójọ, ìyẹn àwọn tí ń ra ohun àtijọ́ pa mọ́ nítorí ìtàn àti ẹwà rẹ̀, ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, nítorí pé ẹni tí ń wá sìlíńdà lè má ya ọ̀dọ̀ oníàwo rárá. Ohun kan sì hàn gbangba nínú ìtàn òwò wọn: àwọn ẹ̀rọ tí ó kùnà nígbà tí wọ́n jáde ni ó wọ́n jù lọ lónìí, àwọn tí ó sì tà wàràwàrà nígbà náà ni kò fi bẹ́ẹ̀ lówó lórí mọ́.

Ìkùnà àkọ́kọ́ wá láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ṣẹ̀dá ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀. Ní ìparí ọdún 1877, Thomas Edison àti oníṣẹ́ irin rẹ̀, John Kruesi, ṣe fonógíráàfù àkọ́kọ́ ní Menlo Park, ní ìpínlẹ̀ New Jersey, ìjọba Amẹ́ríkà sì fún Edison ní ìwé ẹ̀tọ́ olùṣẹ̀dá lórí rẹ̀ ní ọjọ́ 19 oṣù Kejì ọdún 1878. Bébà tánńganran ni wọ́n ń wé mọ́ sìlíńdà irin, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń yí i. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1878 kan náà gbé ẹ̀rọ yìí káàkiri gbọ̀ngàn, àwọn ènìyàn sì sanwó wọlé láti gbọ́ bí irin ṣe ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ìgbà díẹ̀ péré ni bébà náà lè gbé ohùn jáde kí ó tó ya tàbí kí ìlà ara rẹ̀ tó parẹ́, bí wọ́n bá sì ti tú u kúrò lára sìlíńdà, ó di ìṣòro láti wé e padà bí ó ti wà. Kò pẹ́ tí ìyanu náà fi sú àwọn olùgbọ́, Edison sì yíjú sí iṣẹ́ iná mànàmáná. Ìdí nìyí tí ojúlówó ẹ̀rọ oníbébà-tánńganran kì í fi í sábà yọjú sí gbàǹjo, tí ọ̀pọ̀ olùkójọ fi lè fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn wá ọ̀kan láìrí i rà.

Lẹ́yìn tí Edison ti gbé e jù sílẹ̀, Chichester Bell àti Charles Sumner Tainter fi ìda rọ́pò bébà tánńganran ní ìlú Washington, wọ́n sì gba ìwé ẹ̀tọ́ tiwọn lọ́dún 1886. Èyí ta Edison jí, ó sì gbé ẹ̀rọ oníìda tirẹ̀ jáde lọ́dún 1888. Oníṣòwò kan tí ń jẹ́ Jesse Lippincott kó ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀rọ méjèèjì sábẹ́ ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo, North American Phonograph Company, èrò rẹ̀ sì ni pé àwọn ọ̀gá ọ́fíìsì yóò máa fi í pe lẹ́tà fún akọ̀wé. Ní ìbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe títà ni wọ́n ń tà á bí kò ṣe yíyá, ní dọ́là 40 lọ́dún, bátìrì tí ń gbé e ṣiṣẹ́ wúwo, ó sì ń fẹ́ ìtọ́jú ní gbogbo ìgbà, àwọn akọ̀wé kò sì fẹ́ràn rẹ̀. Ilé iṣẹ́ náà wọ gbèsè, ó sì dojú dé lọ́dún 1894. Ẹ̀rọ tí a yá kì í di ogún ìdílé, nítorí náà kò sí nínú àjà ilé tí àwọn ọmọ ọmọ yóò ti bá a. Ìlò kejì tí ẹnikẹ́ni kò rò tẹ́lẹ̀ ni ó kọ́kọ́ mówó wọlé: ní ọjọ́ 23 oṣù Kọkànlá ọdún 1889, Louis Glass gbé ẹ̀rọ kan tí ń gba owó ẹyọ sínú ilé ọtí Palais Royale ní San Francisco, ẹni tí ó bá ju sẹ́ǹtì márùn-ún sínú rẹ̀ á fi ọ̀pá rọ́bà sí etí, á sì gbọ́ orin kan. Irú ẹ̀rọ olówó-ẹyọ bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tí àwọn olùkójọ ń sanwó gọbọi fún.

Ṣùgbọ́n ọmọláńgídi tí ń sọ̀rọ̀, tí Edison gbé wá sọ́jà lọ́dún 1890, ni ó yẹ kí ènìyàn dúró lé lórí. Orí amọ̀ sísun láti Jámánì ni ó ní, ara rẹ̀ jẹ́ páànù, inú páànù náà sì ni fonógíráàfù kékeré kan wà pẹ̀lú sìlíńdà oníìda tí àwọn ọ̀dọ́bìnrin òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ti sọ orin ọmọdé sí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí pé wọn kò tíì mọ ọ̀nà láti ṣe ẹ̀dà ohùn. Ọmọ tí wọ́n rà á fún ní láti máa fi ọwọ́ yí irin ẹ̀yìn rẹ̀ láìyára jù láìsì falẹ̀ jù, èyí tí àgbàlagbà pàápàá kò lè ṣe dáadáa. Dọ́là 10 ni wọ́n ń tà á pẹ̀lú ẹ̀wù abẹ́ lásán lára, owó ńlá sì ni fún òṣìṣẹ́ ìgbà náà. Ìda náà ń tètè jẹ, ẹ̀rọ inú rẹ̀ ń bàjẹ́ lójú ọ̀nà, ohùn rẹ̀ sì ń ba àwọn ọmọ lẹ́rù. Nínú nǹkan bí 2,500 tí wọ́n kó fún àwọn ọlọ́jà, nǹkan bí 500 péré ni àwọn ènìyàn rà, wọ́n sì dáwọ́ títà rẹ̀ dúró láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ọmọláńgídi tí kò rí olùrà yìí ni àwọn olùkójọ òde òní ń wá bí ẹni ń wá wúrà, pàápàá èyí tí ẹ̀rọ inú rẹ̀ kò tíì sọnù. Àwọn tí ó rí i rà tilẹ̀ mọ̀ pé abẹ́rẹ́ irin yóò ha ìwọ̀nba ìlà tí ó kù lára ìda náà dànù, nítorí náà àwọn kan nínú wọn kọ̀ láti lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n fara mọ́ ọn kí wọ́n ní ohùn nílé kí wọ́n má sì gbọ́ ọ, títí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi rí ọ̀nà láti fi ìmọ́lẹ̀ ya àwòrán ìlà náà kí kọ̀ǹpútà sì sọ ọ́ di ohùn láìfọwọ́ kàn án. Ọ̀nà yìí ni wọ́n fi gbọ́ ohùn obìnrin kan lọ́dún 2011 láti inú òrùka irin tí wọ́n ṣe lọ́dún 1888 fún ìdánwò ọmọláńgídi náà. Ìfaradà irú àwọn olùkójọ bẹ́ẹ̀ yẹ fún ọpẹ́ ju èyí tí wọ́n ti ń rí gbà lọ.

Àṣeyọrí dé nígbà tí sípíríǹgì rọ́pò bátìrì. Edison gbé ẹ̀rọ tí ó pè ní Standard jáde lọ́dún 1898 ní dọ́là 20, ó sì gbé Gem, èyí tí ó kéré jù, jáde lọ́dún 1899 ní dọ́là 7.50, bẹ́ẹ̀ ni ìdílé mẹ̀kúnnù bẹ̀rẹ̀ sí í ní ẹ̀rọ orin tiwọn. Emile Berliner, ẹni tí a bí ní Hannover ní Jámánì, ti gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí gírámáfóònù oníàwo lọ́dún 1887, àwo sì rọrùn láti tẹ̀ ní ẹ̀dà púpọ̀ ju sìlíńdà lọ. Eldridge Johnson tí ó ṣe sípíríǹgì fún un dá Victor Talking Machine Company sílẹ̀ ní Camden lọ́dún 1901, ilé iṣẹ́ yìí sì gbé Victrola jáde lọ́dún 1906, nínú èyí tí ìwo ti kúrò lóde tí ó wọ inú àpótí. Àìmọye Victrola ni wọ́n ṣe, wọ́n lágbára, ọ̀pọ̀ sì ń kọrin síbẹ̀. Nítorí náà gan-an ni ẹni tí ó jogún ọ̀kan fi máa ń jáwọ́ nínú ìrètí nígbà tí ó bá gbé e lọ fún ọlọ́jà: ohun tí ó rò pé ó ṣọ̀wọ́n pọ̀ káàkiri.

Òwò àwọn olùkójọ kò lè bẹ̀rẹ̀ títí ẹ̀rọ náà fi kú gẹ́gẹ́ bí ohun èlò ojoojúmọ́. Rédíò àti ọ̀dá owó ni ó pa á. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1929, ilé iṣẹ́ Edison kéde pé òun kò ní ṣe sìlíńdà àti àwo mọ́, nínú oṣù kan náà tí Henry Ford ṣí abúlé ìtàn rẹ̀ ní Dearborn, níbi tí ó tún ilé iṣẹ́ Menlo Park kọ́ sí. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ di irin àlòkù, wọ́n sì gba àwo àtijọ́ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn láti fọ́, nítorí pé ṣẹ́láàkì, oje kòkòrò tí wọ́n fi ń ṣe àwo tí ó sì ń ti ilẹ̀ Íńdíà wá, ti di ọ̀wọ́n. Ohun tí ó ṣẹ́ kù lẹ́yìn èyí ni àwọn olùkójọ pín mọ́wọ́. Ẹgbẹ́ fonógíráàfù kan ti wà ní London láti ọdún 1919, àwọn tí ó dá a sílẹ̀ sì jẹ́ àwọn tí ó ṣì ń fi sìlíńdà gbọ́ orin nígbà tí gbogbo ayé ti lọ sọ́dọ̀ àwo. Láti ara wọn ni ẹgbẹ́ olùkójọ ti yọ. Nígbà tí Roland Gelatt tẹ ìwé rẹ̀ lórí ìtàn fonógíráàfù jáde lọ́dún 1955 tí Oliver Read àti Walter Welch sì tẹ tiwọn lọ́dún 1959, ẹni tí ń rà àti ẹni tí ń tà ní ìwé tí wọ́n lè jọ ṣí wò. Lẹ́yìn náà ni ọjà ọlọ́dọọdún gbilẹ̀, irú èyí tí ó wáyé fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Union, ní ìpínlẹ̀ Illinois, níbi tí àwọn ènìyàn ti ta odindi ẹ̀rọ tàbí skúrù kan ṣoṣo, tí pàṣípààrọ̀ sì pọ̀ bí owó. Àwọn ilé gbàǹjo bíi Christie's ní South Kensington àti Auction Team Breker ní ìlú Köln sì ya ọjọ́ sọ́tọ̀ fún ẹ̀rọ orin.

Olùkójọ tí ó mọṣẹ́ kì í kọ́kọ́ béèrè bóyá ẹ̀rọ ń kọrin. Ohun tí ó ń wò ni bóyá gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀ jọ ti ilé iṣẹ́ kan náà wá. Á wo páànù nọ́ḿbà, èyí tí ń ràn án lọ́wọ́ láti mọ ìgbà tí wọ́n ṣe é. Á wo ìwo, nítorí pé ìwo onígi sábà máa ń wọ́n ju ti páànù lọ, ó sì rọrùn láti fi tuntun rọ́pò. Á wo orí ẹ̀rọ, ìyẹn ibi tí awọ àti abẹ́rẹ́ wà. Sìlíńdà àkọ́kọ́ ń kọrin fún ìṣẹ́jú méjì, ìlà 100 ni ó wà nínú íǹṣì kan lára rẹ̀, ṣùgbọ́n láti ọdún 1908 ni Edison ti ń ṣe oníṣẹ́jú mẹ́rin tí ìlà rẹ̀ jẹ́ 200, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní orí tirẹ̀. Ẹni tí ó bá gbé orí tí kì í ṣe tirẹ̀ lé ìda á ba ohùn tí kò ní padà wá jẹ́. Ọ̀ràn títún ẹ̀rọ kùn ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà kan, ẹni tí ó bá ra àpótí igi óòkù tí ó ti ṣú á fá a, á sì fi ọ̀dà tuntun dán an. Ní báyìí, ọ̀pọ̀ olùrà fẹ́ kí àwọ̀ àtijọ́ àti àmì ilé iṣẹ́ wà bí wọ́n ti wà, kódà bí wọ́n tilẹ̀ ti ṣá. Àwọn wọ̀nyí ni ó jàre, nítorí ọ̀dà tí a bá ti fá kò ṣe é dá padà.

Ayédèrú kò ṣeé fojú fò. Lọ́dún 1899, ilé iṣẹ́ Gramophone Company ra àwòrán ajá tí Francis Barraud yà, lẹ́yìn tí ayàwòrán náà ti pa fonógíráàfù inú rẹ̀ rẹ́ tí ó sì ya gírámáfóònù sípò rẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré tí ó wà nínú àwòrán náà ni àwọn olùkójọ ń pè ní Trademark, wọ́n sì ń wá a gidigidi. Àmì ajá yìí kan náà ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ àwọn ayédèrú tí ń ti ilẹ̀ Íńdíà wá. Gramophone Company bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwo ní Calcutta lọ́dún 1908, gírámáfóònù alágbèéká pọ̀ níbẹ̀, ẹ̀rọ inú àwọn alágbèéká àlòkù náà sì ni wọ́n ń tú tí wọ́n ń kì bọ inú àpótí tuntun pẹ̀lú ìwo idẹ tí ó fẹ́lẹ́ tí ń kọ mànà. Ẹni tí kò rí ojúlówó rí á rò pé dídán yẹn ni àmì ọjọ́ orí. Íńtánẹ́ẹ̀tì mú ayédèrú dé ibi gbogbo, ṣùgbọ́n ó tún tú àṣírí kan: ẹ̀rọ tí olùkójọ ìlú kan rò pé òun nìkan ni ó ní, ó rí ogún irú rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, iye owó rẹ̀ sì wálẹ̀.

Ilẹ̀ Yorùbá kò sí lẹ́yìn ìtàn yìí pátápátá. Lọ́dún 1922, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti kọ orin 43 sílẹ̀ ní London fún Zonophone, gírámáfóònù onísípíríǹgì ni wọ́n sì fi ń gbọ́ irú àwo bẹ́ẹ̀ kí iná mànàmáná tó dé ọ̀pọ̀ ìlú. Ẹ̀yin tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bá wà nínú ilé bàbá yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fá a, ẹ má kùn ún, ẹ má sì tú ìwo rẹ̀ tà fún àwọn tí ń ra irin àlòkù. Ẹ kọ nọ́ḿbà ara páànù rẹ̀ sílẹ̀, ẹ sì tọ́jú gbogbo àwo tí ó bá a wọlé, kódà èyí tí ó ti sán.