Ọwọ́ Tó Ń Fọ Ìgò: Ìtàn Ọmọṣẹ́ Láàbù, Láti Yaba Dé Oko Ọba

Tí ẹ bá dárúkọ Oko Ọba fún ará Èkó, odò ẹran ló máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Àmọ́ orúkọ àdúgbò yìí ti sọ ìtàn ara rẹ̀: oko ni. Nígbà tí ọ̀rúndún ogún bẹ̀rẹ̀, obì àti kòkó ni wọ́n ń gbìn káàkiri agbègbè Agége. Ọdún 1907 ni J. K. Coker àtàwọn àgbẹ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ àwọn olóko Agége sílẹ̀. Nígbà tó yá, láàárín ọdún 1950 sí 1960, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tó ń ṣàkóso Ìkẹjà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ilẹ̀ oko di ilẹ̀ iléeṣẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ya wọlé láti ibi gbogbo. Ibi tí èrò bá sì pọ̀ sí, àìsàn ò ní ṣaláì bá wọn débẹ̀. Ọdún 1955 ni ìjọba yẹn kan náà ṣí ilé ìwòsàn kékeré kan sí Ìkẹjà. Òun ló dàgbà di Jẹ́nẹ́rà Ìkẹjà, tó sì wá di LASUTH lọ́dún 2001.

Tí wọ́n bá ń sọ ìtàn ilé ìwòsàn, dókítà ni wọ́n máa ń dárúkọ, nọ́ọ̀sì ni wọ́n máa ń yìn. Ta ló ń rántí ẹni tó gba ìgò ìtọ̀ lọ́wọ́ yín, tó lẹ nọ́ńbà mọ́ ọn, tó sì kọ orúkọ yín sínú rẹ́gísítà? Ọmọṣẹ́ láàbù nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ àti ìdí tí kò fi yẹ kó jẹ́ ẹnikẹ́ni ṣáá ni wọ́n ń gbé e lé lọ́wọ́.

Yaba ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1925, àjọ Rockefeller ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà rán àwọn onímọ̀ wá síbẹ̀ láti wádìí ibà pọ́njú. Láti ọdún 1900 ni wọ́n ti fìdí ẹ̀ múlẹ̀ ní Kúbà pé ẹ̀fọn ló ń gbé ibà yìí kiri. Ohun tí wọn ò tíì rí mú ni kòkòrò tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ gan-an. Ní oṣù kẹfà ọdún 1927, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára ọkùnrin ará Gold Coast kan tó ń jẹ́ Asibi, ẹni ọdún 28, wọ́n sì gún un sára ọ̀bọ kan tí wọ́n kó wá láti Íńdíà. Ara Asibi yá, ọ̀bọ kú. Láti inú ẹ̀jẹ̀ yẹn ni Max Theiler ti ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n ń pè ní 17D ní New York. Ó gba ẹ̀bùn Nobel lórí ẹ̀ lọ́dún 1951. Káàdì yẹ́lò tí wọ́n máa ń béèrè lọ́wọ́ yín ní pápákọ̀ òfurufú, ibẹ̀ ló ti ṣẹ̀.

Ẹ̀mí bá iṣẹ́ náà lọ o. Adrian Stokes kú sí Èkó ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1927. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1928, Hideyo Noguchi kú sí Àkírà. Kò ju bí ọjọ́ mélòó kan lọ, William Young tó yẹ òkú rẹ̀ wò náà kú. Lọ́dún 1930, Theodore Hayne tún kú sí Èkó. Ibà pọ́njú tí wọ́n ń wádìí ló pa gbogbo wọn.

Orúkọ àwọn yẹn wà nínú ìwé. Àmọ́ láàbù tó ń sin ẹ̀fọn, tó sì ń bọ́ ọ̀bọ, kì í ṣe ẹnì kan ló ń ṣe é. Ẹnì kan ní láti tún àgò ọ̀bọ ṣe. Ẹnì kan ní láti se ìgò nínú omi gbígbóná, kó fọ gíláàsì, kó da ẹ̀jẹ̀ tó ṣẹ́kù nù láì jẹ́ kó kan òun. Àwọn ọmọ ilẹ̀ wa ló wà nídìí irú iṣẹ́ yìí láyé òyìnbó. Bí ọmọ ẹnu iṣẹ́ ṣe ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ ọ: ojú ni wọ́n fi wò ó, ọwọ́ ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Ìwé ìtàn kì í sábà dárúkọ wọn.

Ẹni tó bá rò pé ewu yẹn ti tán, ẹ jẹ́ kó gbọ́ ti ọdún 1969. Ọdún yẹn ni ibà Lassa bẹ́ sílẹ̀ lápá òkè ọya, tí wọ́n sì fi ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn ránṣẹ́ sí yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà. Jordi Casals tó ń ṣèwádìí lórí ẹ̀ kó o, orí ló yọ ọ́. Ọmọṣẹ́ láàbù kan níbẹ̀, Juan Roman, kó o náà. Òun ò tiẹ̀ sí lára àwọn tó ń fọwọ́ kan Lassa. Ó kú. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni Yale dá iṣẹ́ lórí kòkòrò náà dúró.

Irú iṣẹ́ eléwu báyìí nílò òfin. Lọ́dún 1968, wọ́n fi òfin dá ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ láàbù sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Lọ́dún 2003, òfin tuntun dá ìgbìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní MLSCN sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ yìí pín àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà sí ọ̀nà mẹ́ta: onímọ̀, tẹkiníṣánnì àti ọmọṣẹ́. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀. Onímọ̀ máa ń lo ọdún márùn-ún ní yunifásítì, lẹ́yìn náà ló máa ń fi ọdún kan kọ́ṣẹ́ ní ilé ìwòsàn. Ẹ̀kọ́ tẹkiníṣánnì àti ti ọmọṣẹ́ kò pẹ́ tó yẹn, àmọ́ ilé-ẹ̀kọ́ tí ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ ṣe é. Èsì WAEC tàbí NECO ni wọ́n á kọ́kọ́ béèrè, pàápàá Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò àti àwọn ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì.

Kí wá ni ọmọṣẹ́ ń ṣe gan-an? Ó ń gba sáńpù, ó ń wò ó bóyá orúkọ tó wà lára ìgò bá èyí tó wà lórí ìwé mu. Ó ń po oògùn tí wọ́n fi ń kun gíláàsì. Ó ń fi ooru 121°C pa kòkòrò tó wà lára ohun èlò. Ó ń tọ́jú máíkírósíkóòpù. Ó ń kọ ohun gbogbo sílẹ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ wo kẹ́lẹ́bẹ̀ ẹni tí wọ́n fura pé ó ní ikọ́ ife, ó lè bá wọn tẹ́ ẹ sórí gíláàsì, kó fi àwọ̀ pupa kùn ún, kó fi iná gbóná, kó fi ásíìdì fọ̀ ọ́, kó sì fi àwọ̀ búlúù parí ẹ̀. Kòkòrò ikọ́ ife kì í jọ̀wọ́ àwọ̀ pupa yẹn fún ásíìdì. Tí ó bá kùnà níbi fífọ̀, ẹni tó ní ikọ́ ife lè gbọ́ pé òun ò ní nǹkan kan, kó sì padà sílé lọ máa wúkọ́ lé àwọn ọmọ rẹ̀ lórí. Èsì tó bá jáde, onímọ̀ tó forúkọ sílẹ̀ ló yẹ kó fọwọ́ sí i. Kì í ṣe ọmọṣẹ́.

Níbi jẹ́nótáìpù lọ̀rọ̀ yìí ti kan ẹ̀yin ọ̀dọ́ jù. Ọdún 1949 ni Linus Pauling àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé tí iná mànàmáná bá gba inú ẹ̀jẹ̀ kọjá, ti ẹni tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde kì í rìn bíi ti ẹni tó jẹ́ AA. Orí ìmọ̀ yẹn náà ni ọ̀pọ̀ láàbù wa ń ṣiṣẹ́ lé dòní. Wọ́n á kán ẹ̀jẹ̀ sórí ìwé pẹlẹbẹ kan, wọ́n á tan iná sí i. A máa ń sáré ju S lọ. Ẹ̀gbẹ́ ti yín, wọ́n gbọ́dọ̀ kán ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti mọ̀ pé AS ni síbẹ̀, kí wọ́n lè fi wé e. Wọ́n tún gbọ́dọ̀ bi yín bóyá wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ẹ̀jẹ̀ sí yín lára, torí ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì lè dàrú mọ́ tiyín.

Láàbù tí kò bá ṣe gbogbo èyí, tó kàn gba owó, tó kọ AA síwájú orúkọ ẹni tó jẹ́ AS, ẹ wo ohun tó ṣe. Ọkùnrin àti obìnrin á fi èsì yẹn ṣègbéyàwó. Tí àwọn méjèèjì bá jẹ́ AS, oyún kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá ní, ìdá kan nínú mẹ́rin ló ṣeé ṣe kó jẹ́ SS. Ọ̀pọ̀ tọkọtaya ní ilẹ̀ wa, ìgbà tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ké ìrora egungun ni wọ́n tó mọ̀ pé irọ́ ni ìwé tí wọ́n gbé dé ilé ìjọsìn.

Torí náà, tí ẹ bá lọ ṣe àyẹ̀wò, yálà ní Agége ni o, yálà ní Ìkẹjà, ẹ wo ara ògiri bóyá láísẹ́ńsì wà níbẹ̀. Ẹ béèrè ẹni tó fọwọ́ sí èsì. Ẹ ṣe jẹ́nótáìpù ní láàbù méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kẹ́ ẹ tó dá ọjọ́ ìgbéyàwó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ parí WAEC, tí ẹnì kan ń sọ fún yín pé, "Wá máa bá mi ṣe láàbù, màá kọ́ ẹ láàárín oṣù mẹ́ta," ẹ rọra. Iṣẹ́ gidi ni, iṣẹ́ iyì ni, àmọ́ ó ní ilé-ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ ọ. Láyé Yaba ìjọun, kò sí ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ wa lè lọ, ojú ni wọ́n fi kọ́ ọ, wọ́n sì ń fi ẹ̀mí wewu. Ilé-ẹ̀kọ́ ti wà báyìí. Ẹ lọ kọ́ ọ dáadáa, torí ẹ̀mí ọmọlọ́mọ ló wà nínú ìgò tí wọ́n ń gbé lé yín lọ́wọ́.